Alẹ́ tí mo ka eré Ọdẹ́wálé sí ìyá àgbà létí

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé kan tí a kà nílé-ẹ̀kọ́ ṣe wá wọ̀ mí lára. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama ni, ní Òkè-Fíà níbí, ní Òṣogbo. The Gods Are Not to Blame, eré orí ìtàgé tí Ọlá Rótìmí kọ, wà lára ìwé tí a máa kà, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kò ka ìwé náà fún wa. Ó kọ ìsọnísókí rẹ̀ sójú pátákó, a dà á kọ, ó parí. Mo há orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn sórí, síbẹ̀ ìtàn náà kò wọ̀ mí lára.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé, ìyá ìyá mi ń pa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ni mo ń kùn lábẹ́nu, kí n sọ ọ́ síta kí àwọn náà gbọ́.

Mo bá ń túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọba kan, Ifá ní yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi okùn owó ẹyọ so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e fún Gbọ̀nkáà, ìránṣẹ́ ọba, pé kó lọ pa á nígbó. Gbọ̀nkáà ò lè pa á. Ọdẹ kan ló gbà á tọ́. Nígbà tí ọmọ náà, Ọdẹ́wálé, dàgbà tó gbọ́ ohun tí Ifá wí, ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó rò pé wọ́n bí òun, ó lọ dáko iṣu sí Ẹdẹ.

"Ẹdẹ wo?"

"Ẹdẹ yìí náà ni, ìyá àgbà."

Ọwọ́ wọn dúró. Èèpo ẹ̀gúsí kan lẹ̀ mọ́ wọn ní àtàǹpàkò, wọn ò gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹdẹ tí a lè jẹun àárọ̀ tán ká lọ, ká sì bọ̀ kí oòrùn tó mú!

Mo dé ibi tí bàbá àgbàlagbà kan ti kó ènìyàn wá hú iṣu Ọdẹ́wálé, tó ní òun ló loko. Ọ̀rọ̀ di ariwo, bàbá náà fi èdè ọmọkùnrin náà àti ìlú tó ti wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ni Ọdẹ́wálé bá fi ọkọ́ pa á, kò mọ̀ pé bàbá tó bí òun gan-an ni.

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí pé, ọmọ ta ni ọ́?"

Títí dòní mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju ìbéèrè yẹn lọ. Nínú eré Sophocles ará Gíríìkì tí Rótìmí gbé tirẹ̀ kà, ojú ọ̀nà ni wọ́n jà sí, ní oríta mẹ́ta. Rótìmí ló sọ ọ́ di ìjà oko àti èébú ẹ̀yà. Bàbá tirẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjọ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà, tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó ń wí.

Mo kà á dé òpin: Ojúọlá, ìyá tó bí Ọdẹ́wálé tó sì wá di aya rẹ̀, pa ara rẹ̀, Ọdẹ́wálé fọ́ ojú ara rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin jáde nílùú. Ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo ń kí wọn, wọ́n ní: "Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ṣé wọ́n rí ẹni gbà wọ́n?"