Ṣé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí á gun alùpùpù lẹ́yìn igbó Ọ̀ṣun?

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gun alùpùpù ṣeré lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe ọ̀kadà akérò o, èyí tí táyà rẹ̀ léyín tó ń gun ẹrẹ̀ ni. Títì Gbọ̀ngán ti sú wa, tírélà pọ̀ jù. La bá rí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan létí odò, lẹ́yìn igbó Ọ̀ṣun. Inú ojúbọ kọ́ o! Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lé wa padà, ó ní bí òun bá tún rí wa, òun á gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní bàbá, ilẹ̀ ìjọba nìyí, ti gbogbo wa ni. Ó kàn ń wò mí. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kì í lé wọn nínú igbó ìjọba. Kí ló dé tí tiwa fi yàtọ̀?

Ìyá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ọmọ mi, ṣé wọn ò pa ìtàn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó fún ọ nílé ni? Igi kan ṣoṣo ló wó sódò, Ọ̀ṣun ti figbe ta pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ṣé ẹ̀yin fẹ́ lọ fọ́ èyí tó kù ni? A kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dọdẹ, ẹ wá fẹ́ gbé sáléńsà lọ.

Ará Òṣogbo ní Utah:
Àbúrò, èmi náà ń gun alùpùpù, má rò pé mo kórìíra yín. Ẹni tó ní wọn kì í léèyàn níbí ló tàn ọ́. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni èyí tó ju ìdajì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Utah wa yìí lọ, a sì ń gùn dé orí àpáta ní ìlú Moab. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti 1964, Wilderness Act, tó ń dáàbò bo igbó àti aṣálẹ̀: ibi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, alùpùpù ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́! Kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n gbà láàyè. Ní ti ilẹ̀ tó kù, Ààrẹ Nixon pàṣẹ ní 1972 pé kí wọ́n ya ibi tí ọkọ̀ lè gbà sọ́tọ̀ kúrò níbi tí kò lè gbà, kí ilẹ̀, ẹranko àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn má baà jìyà púpọ̀. Ìjà ò sì tán. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní wọ́n ń ti ọ̀nà tí bàbá àwọn ń gbà mọ́ àwọn.

Ohun tó yí èmi lọ́kàn padà ni ipa táyà. Ẹnì kan á yà fún kòtò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tẹ̀ lé e, láìpẹ́ ọ̀nà kan á di mẹ́ta. Èèpá dúdú kan wà lójú erùpẹ̀ aṣálẹ̀ ibẹ̀, ohun abẹ̀mí ni, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbé ilẹ̀ lọ. Bí táyà bá fọ́ ọ báyìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni kó tó san.

Igbó tiwa ńkọ́? Hẹ́kítà 75 péré, pẹ̀lú 47 tó yí i ká. O ò tíì wọ jíà kẹta tí wàá ti jáde lódì kejì! Apá kan rẹ̀ ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ láti 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 1992, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo wà. Ẹ wá kòtò yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti pa tì, kẹ́ ẹ tọrọ rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣé, bọ̀dá. Ọ̀kan wà lọ́nà Ìkirun. Onílẹ̀ la ó lọ bá ni àbí káńsù? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ariwo, títì ọlọ́dà tó gba inú igbó yẹn kọjá ńkọ́? Kí wọ́n ti òun náà mọ́ mọ́tò.

Ìyá Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbágbá. Onílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ mú ọtí dání. Ẹ má sì gun alùpùpù yẹn lọ bá a.