Ṣáínà: òbí wà nídìí iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ọmọ wà lábúlé. Kí ni wọ́n lè ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́ ilé tálákà ní Ṣáínà ló wà lọ́wọ́ mi. Ilé méjì lè wà lábúlé kan náà, kí owó wọn má ju ara wọn lọ, síbẹ̀ ara ọmọ kan á yá gágá, èkejì kò ní lè sùn. Kí ló fà á? Kí sì ni òbí tó wà nílé iṣẹ́ ní Guangdong, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Ṣáínà, lè ṣe? Ẹnì kan tún ní 61 mílíọ̀nù ọmọ ni òbí fi sílẹ̀, ẹlòmíì ní kò tó 7 mílíọ̀nù. Èwo ni ká gbà?

Bàbá_Ìṣirò:
Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀. 61 mílíọ̀nù tó jáde lọ́dún 2013 ka gbogbo ọmọ abúlé tí kò tíì pé ọdún 18, kódà bó jẹ́ òbí kan péré ló lọ. Ní 2016, ìjọba yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: ọmọ tí kò tíì pé 16, tí òbí méjèèjì lọ, tàbí tí ọ̀kan lọ tí èyí tó kù kò lè tọ́jú rẹ̀. Iye náà já sí 9.02 mílíọ̀nù, ó sì di 6.97 mílíọ̀nù ní 2018; 96 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà lọ́dọ̀ òbí àgbà. Ẹ má fi ọ̀kan wé èkejì, wọ́n á dá ìwé ìwádìí yín padà fún yín.

Ẹ fi ti hukou sí i, ìforúkọsílẹ̀ ìdílé síbi tí wọ́n ti wá, tó ti wà láti 1958. Ọmọ lè bá òbí gbé nílùú nígbà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí hukou rẹ̀ wà ló ti sábà máa ń ṣe gaokao, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń padà sábúlé nígbà tí wọ́n ń bàlágà gan-an.

Màmá_Ìdílé:
Owó nìkan kọ́. Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn òbí ṣe ń pe ọmọ lórí WeChat, áàpù ìfiránṣẹ́ àti ìpè: "Máàkì mélòó lo gbà? Ṣé ò ń gbọ́ràn sí màmá àgbà lẹ́nu? Torí ẹ la ṣe ń jìyà níbí o." Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tán. Gbèsè lọmọ gbọ́ níbẹ̀. Bí inú bá ń run ún lọ́la, kò ní sọ. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní bào xǐ bù bào yōu: ayọ̀ ni ká ròyìn, ká fi ìbànújẹ́ pamọ́. Àwọn òbí pàápàá ń ṣe é.

Kí òbí kọ́kọ́ sọ wàhálà kékeré tirẹ̀ ("ẹ̀rọ bàjẹ́ lónìí, a kàn jókòó títí di ọ̀sán ni"), kó tó béèrè ohun pàtó: ta lo bá jẹun? Ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Kí máàkì gbẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ń gbé nínú ọgbà ilé ìwé, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wálé. Ẹ má pè láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́! Láti 2021, wákàtí yẹn nìkan lófin yọ̀ǹda fún ọmọ tí kò tíì pé 18 láti ṣeré géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Jímọ̀, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. "Hùn, hùn" nìkan lẹ máa gbọ́. (Àwọn kan ń fi káàdì ìdánimọ̀ bàbá àgbà wọlé.)

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà. Ṣé òfin tiẹ̀ ní kí òbí máa pè?

Bàbá_Ìṣirò:
Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ààbò ọmọdé tí wọ́n tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021, ní kí òbí tó ń lọ fi ọmọ sọ́wọ́ àgbàlagbà tó lè tọ́jú rẹ̀, kó kọ̀wé sọ fún ilé ìwé àti ìgbìmọ̀ abúlé, kó sì máa bá ọmọ àti alágbàtọ́ sọ̀rọ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, olùkọ́ kíláàsì lè má mọ ẹni tí yóò pè bí ọmọ bá ṣíwọ́ oúnjẹ.

Màmá_Ìdílé:
Ẹ má gbàgbé dibao, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ilé tálákà. Wọ́n máa ń lẹ orúkọ ẹni tó béèrè fún un síta lábúlé. Kí òbí tètè sọ fún ọmọ, kó má lọ jẹ́ ẹnu ọ̀rẹ́ ni yóò ti gbọ́. Bí ọmọ kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí inú ń run ún ní gbogbo alẹ́ Àìkú, kí wọ́n pe 12356, nọ́ńbà ìlera ọpọlọ jákèjádò Ṣáínà. 12355 ni tàwọn ọ̀dọ́.