Báwo la ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yìí fáwọn ará Mákòkó?

Adùkẹ́_Yàbá:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àtàwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa la jọ ń pòlongo ọ̀rọ̀ kòrónà yìí látìgbà tí wọ́n ti ti Èkó pa lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 yìí. A ti lọ sọ́jà, a ti lọ sí gáréèjì, ìyẹn ò burú. Mákòkó ló ń dà wá láàmú. Àwọn tó ń gbé lórí omi níbẹ̀, Ègùn ló pọ̀ jù, àwọn kan gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn míì gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Pósítà tí wọ́n kó fún wa wá, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ya táàpù sí i tí omi ń tú jáde ṣàà. Èèyàn tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló ń ra omi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́mi tó ń fi ọkọ̀ kiri, ẹ ní kó ṣí táàpù! Màmá kan tó ń yan ẹja wo pósítà yẹn títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ gbé táàpù yẹn wá ná." Ojú tì mí. Kí la máa sọ, èdè wo la máa fi sọ ọ́, ta ló máa sọ ọ́? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn o, mi ò wá ìwàásù.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Adùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá ẹlẹ́ja yẹn ti dá yín lóhùn. Ẹ ká pósítà yẹn kúrò ńlẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré kan sí i lápá òkè, ẹ gbé e kọ́ sára igi, ẹ wá so okùn mọ́ ọrùn ẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi igi pẹlẹbẹ kan nílẹ̀. Téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ igi yẹn, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀, omi á máa sun díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ọṣẹ náà, ẹ fi àwọ̀n tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà wé e kẹ́ ẹ so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò pọn dandan kómi gbóná o, omi tútù ń ṣe é. Omi ọ̀sà abẹ́ ilé wọn yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ má lò, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń lọ síbẹ̀.

Ti 20 ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n ń pariwo, ẹ má ka ìyẹn fún ẹni tó ń yan ẹja, aago wo ló máa wò? Orin ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn, àwọn ni kó yan orin náà fúnra wọn. Ẹ ṣe é lójú wọn: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò yẹn ni gbogbo ayé máa ń gbàgbé, mo mọ dókítà tó ń gbàgbé ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ṣé omi lásán ò tó ni, ẹ bi wọ́n bóyá omi lásán ń bọ́ epo pupa lára abọ́. Ọ̀rá ni kòkòrò kòrónà yìí fi bora, ọṣẹ ló ń tú ọ̀rá yẹn, tó bá ti tú ká, ó parí fún un. Ọṣẹ dúdú náà ń ṣe é, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti olóòórùn dídùn.

ỌmọÀjàṣẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni mo wà, bàbá mi Yorùbá, ìyá mi Ègùn. Ẹ má gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ Mákòkó láìjẹ́ pé ẹ ti lọ kí Baálẹ̀, kálukú apá ibẹ̀ ló ní Baálẹ̀ tiẹ̀, ẹ béèrè olórí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja náà. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, akéde ló ń lu agogo yíká àdúgbò, àwọn èèyàn á dákẹ́ gbọ́ torí wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti rán an wá. Àjèjì tó wọ aṣọ ìpolongo kò lè rí irú ìyẹn.

Ohun kan tẹ́ ẹ ti sọ tẹ́ ò kíyè sí: àwọn ọlọ́mi yẹn! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dé ẹnu ọ̀nà ilé gbogbo, wọ́n mọ ilé tí àgbàlagbà wà, wọ́n sì gbọ́ èdè. Àwọn ni kẹ́ ẹ fún ní ọ̀rọ̀ yẹn. Bí kì í bá ṣe bọ́dà tẹ́ ẹ tì mọ́ wa lójú láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, kí kòrónà tún tó wá dá kún un, mi ò bá ti wá bá yín ṣe é.

Sọ̀rọ̀sókè:
Kòrónà wo ní Mákòkó? Àìsàn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ẹ ti àwọn èèyàn mọ́lé, ebi ń pa wọ́n, oúnjẹ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ pín, a ò rí i. Kí wọ́n fọwọ́ tán kí wọ́n wá fi jẹ kí ni?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
@Sọ̀rọ̀sókè ti ebi yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn. Òótọ́ sì ni pé bàálù ló gbé e wọlé, ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kejì, ó ti gba Èkó kọjá dé Ewékorò kí wọ́n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú tipẹ́. Ebola náà, bàálù ló gbé e wá lọ́jọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014. Dókítà Adadevoh ló kọ̀ tí ò jẹ́ kí Sawyer, ará Làìbéríà tó kó o wọ̀lú, jáde ní ọsibítù, ó fi ẹ̀mí ẹ̀ dí i. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fẹsẹ̀ rìn kiri, èèyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn ni wọ́n ń lọ wò nílé, àbẹ̀wò tó tó 18,500, lójúkojú. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, ó parí, nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní Nàìjíríà bọ́. Wọn ò fi pósítà ṣe é. Kòrónà ló wá le ju ìyẹn lọ níbì kan: Ebola kì í ràn kí àìsàn tó hàn lára onítọ̀hún, eléyìí ń ràn nígbà tẹ́ni tó ní in ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2014 yẹn náà, àwọn tó ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù tí wọ́n tún ń mu ún, pé ó ń lé Ebola, àwọn kan bá a lọ. Lọ́dún yìí chloroquine, oògùn ibà, ni, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ní láti kìlọ̀ torí àwọn tó ti lò ó yó l'Ékòó. Ẹni tí ò rẹ́ni bi, WhatsApp ló máa bi.

Alfa_OníWaya:
Àsàlàámù àláékúmù. Agége ni tèmi, àwọn Hausa àti Yorùbá la dàpọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni ti sanitizer, pé ọtí wà ńnú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ti là á pé mímu kọ́, fífi pa ọwọ́ ò ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ èmi, àlùwàlá ni mo gbà wọlé: ẹ̀ẹ̀mẹta la ń fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ kàn fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kẹ́ ẹ tó ṣe àlùwàlá, ẹnikẹ́ni ò jiyàn.

Adùkẹ́, ẹ má pín sanitizer fáwọn tó ń yan ẹja o! Ọwọ́ tó lọ́ràá, tó ní ìpẹ́ ẹja, sanitizer kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Èyí tí ọtí inú ẹ̀ ò bá tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún sì rèé, òórùn lásán lẹ rà. Tó bá wá tó, tọ́wọ́ ò tíì gbẹ tó lọ ko iná àdógán, ó lè gbiná. Ọṣẹ ni.

Táíwò_Peckham:
Màmá mi tó wà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fún un ní ìwé pélébé tí wọ́n fi Yorùbá kọ, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló máa bá a lọ. Àmọ́ tí obìnrin nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá fi voice note ránṣẹ́, á gbọ́ ọ, á tún fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀ ni.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ni pé, ìwé tí Public Health England, àjọ ìlera ìjọba níbí, gbé jáde lóṣù kẹfà ọdún 2020 yìí sọ pé àwa dúdú ni wọ́n rí i lára wa jù, ni àwọn kan bá ń ṣe bíi pé a ò mọ ọwọ́ fọ̀. Èèyàn tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọn ò fún ní ìbomú, ọṣẹ wo ló máa fi gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wúkọ́ sí i lójú? Adùkẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ nìkan kọ́. Èémí ni, èrò púpọ̀ nínú yàrá kan ni. Wọ́n wà lórí omi, atẹ́gùn wà lóde, kí wọ́n jókòó síta.

Adùkẹ́_Yàbá:
Ẹ ṣeun gan-an. A máa lọ kí Baálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a máa wá àwọn ọlọ́mi rí. Ẹ̀gbọ́n ỌmọÀjàṣẹ́, ẹ bá mi fi Ègùn gba ohùn kan sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ọ̀rọ̀ sanitizer àti iná yẹn wà níbẹ̀. Ọṣẹ ló kù báyìí, páálí kan péré la ní, ìyẹn ò lè tó ìdajì ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ má pín ọṣẹ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ ra ọṣẹ ìfọṣọ onílẹ́búlẹ́bú, èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré, ẹ da ọ̀kan sínú rọ́bà omi lítà kan àbọ̀, ẹ pọnmi kún un, ẹ mì ín, ẹ lu ihò sí ọmọrí ẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n máa fún sọ́wọ́, ó máa pẹ́ jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n gbé e sókè tọ́wọ́ ọmọdé ò ti ní tó o.

ỌmọÀjàṣẹ́:
Ìyá mi ló máa sọ ọ́, Ègùn tiẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.