"Agbára ìjà" kọ́ ni Batman ní

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú làákàyè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àwọn ìwé alàwòrán Amẹ́ríkà béèrè ọ̀rọ̀ méjì. Nínú àtẹ tí Marvel, ilé-iṣẹ́ ìwé alàwòrán, fi ń díwọ̀n àwọn akọni rẹ̀, láti 1 dé 7, òpó kan wà fún bí èèyàn ṣe lè gbé ẹrù wúwo tó ("strength"), òmíràn wà fún bó ṣe mọ ìjà jà tó ("fighting skills"). Ẹ̀gbọ́n dábàá "agbára" àti "agbára ìjà".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn "agbára". Ọba ní in, oògùn ní in, ẹ̀rọ mọ́tò pàápàá ní in. Òpó mẹ́fà ló wà nínú àtẹ yẹn, títí kan eré sísá, kò sì sí èyí tí kì í ṣe agbára níbẹ̀. "Agbára ìjà" ló wá burú jù: ẹni tó bá kà á yóò rò pé Hulk, òmìrán aláwọ̀ ewé Marvel, ló ní in jù, bẹ́ẹ̀ Hulk kàn ń fọ́ nǹkan ni.

Ẹ lè ní "alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ" ti fi hàn pé ti ara ni agbára. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èrò ni òwe yẹn fi kojú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjà.

Okun ni kí a lò. Tí ebi bá pa wá, a máa ń ní kò sókun nínú wa mọ́. Ara nìkan là ń sọ. Okun ń dínkù, ó ń pọ̀ sí i, bí ti Hulk ṣe ń pọ̀ tí inú bá ṣe ń bí i tó.

Fún èkejì, mo dábàá "ìmọ̀ọ́jà". A ti ní mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà, kí ló dé tí ọwọ́ tó kọ́ ìjà kò ní ní tirẹ̀? "Ọgbọ́n ìjà" jẹ́ ti ọ̀gágun tó jókòó ti àwòrán ilẹ̀. Batman, akọni ilé-iṣẹ́ DC tó ń bá Marvel díje, tí kò ní agbára àràmàǹdà kankan, ní ìyẹn náà, àmọ́ òpó ọgbọ́n ló yẹ kí ìyẹn wà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà: tí ọmọ Ọ̀fà tó tín-ín-rín bá gbé òmìrán ṣánlẹ̀, ta ni yóò ní "ó lágbára ìjà"? "Ó mọ̀ ọ́n jà" la ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ní 1978, DC tẹ ìwé kan tí Superman ti bá Muhammad Ali kan ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ oòrùn pupa. Oòrùn yẹn gba okun àràmàǹdà Superman. Ali ti kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣáájú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ọ́jà ọjọ́ díẹ̀ ò tó ti abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Ali lù ú bí ẹni lu bàrà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́, àbí?

Ibi tó ti dì mí mú rèé: Superman kò ṣubú títí Ali fúnra rẹ̀ fi ní kí wọ́n dá ìjà dúró. Kò sókun, ìmọ̀ọ́jà ò tó, ó ṣì wà lórí ìdúró. "Àyà" ni mo kọ́kọ́ kọ, mo pa á rẹ́, torí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ là ń fi àyà ṣe. "Ìfaradà" jọ ti ẹni tó ń ru ẹrù lójú mi. Kí lẹ̀yin máa ń pè é?