Mo fẹ́ díje fún ipò tó ń rí sí ìgbé-ayé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ díje nínú ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa, fún ipò ẹni tó ń bójú tó ìgbé-ayé akẹ́kọ̀ọ́: ilé gbígbé, eré ìdárayá, ìkínikáàbọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn tó ń gbé ìta ọgbà ló ká mi lára jù. Alẹ́ ni gbogbo ayẹyẹ máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ti wọ́n, nítorí náà kíláàsì nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Mo fẹ́ kí a máa ṣe díẹ̀ lára ayẹyẹ náà lọ́sàn-án.

Báwo ni mo ṣe lè bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó tọrọ ìbò wọn, nígbà tí wọn kì í dúró pẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nípò yìí rí, kí lẹ lè ṣe fúnra yín, kí ló sì di dandan kí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé kọ́kọ́ fọwọ́ sí? Mi ò fẹ́ ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́.