Transistor wo ló gbé mọ́tò yín láìjóná? Ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ sọ di ti bátìrì. Mo rí mọ́tò fóòtì 24, wáàtì 250, lára kẹ̀kẹ́ oníná kan tó ti bàjẹ́, mo sì fẹ́ kí ESP32, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, máa darí eré rẹ̀. Transistor IRFZ44N, ohun kékeré tí ń ṣí ọ̀nà iná tó sì ń dí i, ni mo lò, nítorí pé ámpì 49 ni wọ́n kọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò mi kì í gbà ju nǹkan bí ámpì 10 lọ bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo so gate rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ tí ń gba àṣẹ, mọ́ ẹsẹ̀ ESP32 tààrà. Kí ìyá mi tó rin ẹ̀gẹ́ kẹta tán, òórùn ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ike dúdú ara transistor náà sì là. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo pa á lórí ESP32, ṣùgbọ́n mọ́tò kò dúró. Okùn bátìrì ni mo fà yọ. Ìyá mi ní ṣebí òun ti sọ pé kí n ra ẹ́ńjìnnì elépo. Kí ni ẹ̀yin lò?

Baba Onírédíò, Àjàṣẹ́
Ọmọ mi, transistor 2N3055 ni kí o lò. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà Wàndó, n kò tíì rí èyí tó tó o. Ámpì 15, fóòtì 60, irin ni ara rẹ̀, kì í ṣe ike.

Òjé Gbígbóná
Baba, ẹ kú àgbà. N kò fẹ́ bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí 2N3055 bá máa gbé ámpì 10, ìlọ́po 5 iná tó wọ base rẹ̀ (ẹsẹ̀ tí ń gba àṣẹ) péré ni àwọn tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà fún, ìyẹn ni pé base náà lè béèrè ámpì 2. Ẹsẹ̀ ESP32 kò sì gbọdọ̀ ju mílíámpì 40 lọ.

Baba Onírédíò, Àjàṣẹ́
Ta ló ní kí ESP32 dá a gbé? Transistor kékeré ni yóò máa ti ńlá.

Òjé Gbígbóná
Òótọ́ ni, Baba. Àmọ́ bí kékeré bá ti ńlá báyẹn, wọn yóò jẹ fóòtì 1 sí 2 mọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ní ámpì 10, wáàtì 10 sí 20 nìyẹn, ooru lásán.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Relay, ìyẹn swíìṣì tí òòfà oníná ń tì, ńkọ́?

Ọmọ Kétu
Ẹ̀gbọ́n, relay kò lè dín eré mọ́tò kù, títàn àti pípa nìkan ló mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti rí ohun tí mo rí ni. Relay tí mo fi sí ẹ̀rọ tí ń fa omi fún ọgbà mi lẹ̀ mọ́ra lóru, àgbá kún, omi ṣàn títí dé ẹsẹ̀ ilé adìẹ.

Ará Pọ́bẹ̀
Ọmọ Kétu, ìwọ tí a bí sẹ́bàá Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ló yẹ kí ó yé jù wá lọ. Ẹnubodè ni gate. Bí oníbodè bá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ péré lọ́jọ́ ọjà, èrò yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn yóò fún ara wọn pa síbẹ̀. Fóòtì 2 sí 4 tí o rí nínú ìwé àlàyé IRFZ44N, ibi tí ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni, kì í ṣe ibi tó ti ṣí gbayawu. Ìgbà tí gate bá rí fóòtì 10 ni ìdènà inú rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ dé míliohm 17.5. Fóòtì 3.3 ni ESP32 rẹ ń fún un. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí tán, ámpì 10 kò ní mú ju wáàtì 1.75 wá, pátákó alumíníọ̀mù kékeré yóò sì gbé e. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà ní àbọ̀ yẹn, kò sí ohun tí kò ní jó. Ámpì 49 tí wọ́n kọ, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tutù dé ìwọ̀n 25 °C ni. Bí ó bá gbóná dé 100, 35 ló kù.

Òjé Gbígbóná
Kó lo IRLZ44N, fóòtì 5 tó láti ṣí gate tirẹ̀.

Ará Pọ́bẹ̀
Fún Arduino Uno, pátákó tí ń fún un ní fóòtì 5, mo gbà. Fún ESP32, n kò gbà. Fóòtì 4 ni wọ́n ti wọn ìdènà rẹ̀ kẹ́yìn, wọn kò sọ nǹkan kan nípa 3.3. TC4420, ẹ̀rọ kékeré tí ń ti gate, ni èmi máa ń fi sáàárín, nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu fóòtì 3.3, ó sì ń fi fóòtì 12 ti gate.

Aláìsùn
Kí ó má ṣe fún TC4420 náà ní fóòtì 24 o! Fóòtì 18 ni òpin rẹ̀, 20 sì ni òpin gate. Mo fi 24 kan gate lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ gbóná kó tó kú. Kó fi 7812, tí ń sọ fóòtì 24 di 12, sí i.

Baba Onírédíò, Àjàṣẹ́
Ẹni tó ta IRFZ44N yẹn fún un ńkọ́? Mo ti rí èyí tí wọ́n ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún òmíràn kọ.

Òjé Gbígbóná
Ó ṣeé ṣe, Baba. Fún gate ní fóòtì 10, kí ámpì 5 gba inú rẹ̀ kọjá, kí o wá wọn fóòtì tó wà láàárín drain àti source, ẹsẹ̀ méjì tí iná mọ́tò ń gbà kọjá. Bí ó bá ju 0.1 lọ fíìfíì nígbà tí kò tíì gbóná, ayédèrú ni.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gẹ́ tó bá há ńkọ́?

Ọmọ Kétu
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n lọ wọn okùn mọ́tò náà láàárọ̀ yìí. 0.5 ohm ni mo rí. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ̀gẹ́ bá há, bátìrì 24 yóò ti nǹkan bí ámpì 48 gba inú ohun kékeré yìí. Mo ti ń wá fíúùsì ámpì 20. Diode 1N4007, tí ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, wà lára mọ́tò, ṣé ó tó?

Aláìsùn
Kò tó. Ámpì 1 ni, ó sì lọ́ra. Ìgbà gbogbo tí o bá pa mọ́tò, iná inú wáyà rẹ̀ yóò ṣì máa wá ọ̀nà lọ. Schottky, diode tí kì í lọ́ra, tó lè gbé ámpì 20 ni kí o fi sí i.

Baba Onírédíò, Àjàṣẹ́
Ẹ tún orúkọ èyí tó ń ti gate yẹn kọ fún mi, kí n mú un lọ sọ́jà lọ́la.