Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó ṣọ́ọ̀bù màmá mi ti fẹ́ di irúgbìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Opó ni màmá mi, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Bódìjà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n kó àjọ, ₦180,000. Torí owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe ń dá a. Wọ́n ní kí ìyá àdúrà kan bá àwọn dúpẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ríran: owó kan wà lọ́wọ́ opó kan, bí kò bá fi gbin irúgbìn, ikú tó pa ọkọ rẹ̀ á padà wá mú ọmọ. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Mo ń wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n lórí Bíbélì. Wọ́n ti san ₦50,000 nídìí POS tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi Ọlọ́run sílẹ̀ o. Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́?

Màmá Ìbejì: Ọmọ mi, má bú pásítọ̀ lójú wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa wà. Ẹ jọ gbé owó tó kù lọ fún onílé.

Ọmọ Ìjọ: Ẹ ṣọ́ra o. “Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi.” Bí ìran náà bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Bàbá Díákónì: Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka owó ọrẹ, ẹ jẹ́ kí n fèsì. Ẹ wo 2 Àwọn Ọba orí 5. Ara Náámánì, ọ̀gágun Síríà tó lárùn ẹ̀tẹ̀, dá, wòlíì Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, sáré tẹ̀ lé Náámánì, ó ní ọ̀gá òun ló rán òun wá gba fàdákà. Fàdákà yẹn kọ́ ló ń dùn mí, irọ́ tó fi sí Èlíṣà lẹ́nu ni. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Ọlọ́run á rò pé Ọlọ́run ń gbowó iṣẹ́! Ka Deutarónómì 14:28-29 fún màmá, nínú Bíbélì tiwọn, má fi fóònù kà á. Nínú ìdámẹ́wàá ọdún kẹta, opó wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ jẹ yó. Ìyá rẹ ló yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì fún lówó.

Ọmọ Àfáà: Irú wọn wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Àfáà kan gba owó màlúù sàárà lọ́wọ́ àǹtí mi, a ò rí tálákà kan tó jẹ ẹran. Bi màmá léèrè: ta ló mọ̀ nípa àjọ yẹn kí ìran tó dé?

Olùbéèrè: Mo bi wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, “Ìyá àdúrà nìkan ni mo sọ fún.” Wọ́n dìde, wọ́n tú ìdí ìborùn wọn, ₦130,000 pé. Onílé ti gbà á, ó ní ká mú ìyókù wá níparí oṣù. Wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Màá jókòó tì wọ́n.